Òfin Kejìlélógójì

Kí obìnrin náà tó wọ yàrá kankan, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná, títí yóò fi dá a lójú pé ẹni tó wà nínú lè ṣí i fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kí onílé. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣe wolé-wolé ilé búrẹ́dì fún ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì sọ ọ́ ní Ìyá Ilẹ̀kùn. Ó rò pé oríkì ni. Èébú ni.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, gómìnà ní òfin ti pọ̀ jù, wọ́n ti di ẹrù lórí oníṣòwò. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gé ìdá kan nínú mẹ́ta òfin ọwọ́ rẹ̀ dànù kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Ọ̀ọ́dúnrún ni ti ẹ̀ka Ìyá Ilẹ̀kùn. Ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ lọ. Ìyá Ilẹ̀kùn kò bá wọn jà. Òun gan-an ló fa ìlà pupa sórí òfin tó ní kí ilé iṣẹ́ ní agolo itọ́, àti èyí tó sọ bí ibùjẹ ẹṣin ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí ààrò búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aṣọ tó ti gbó, kí la fẹ́ fi í ṣe?

Nígbà tó di aago mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ti lọ. Ọ̀gá tuntun tí gómìnà fi ránṣẹ́ sí wọn, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àkọ́bí Ìyá Ilẹ̀kùn, ní kí wọ́n pe obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì òun. Alága ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì ti jókòó níbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Akọ̀wé wà nídìí tábìlì kejì.

"Mọ́mì, ọ̀kan péré ló kù," ọ̀gá wí. "Alága ti bá wa rí i. Kejìlélógójì."

Òfin kejìlélógójì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì láti ìta nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú.

"Ọ̀gá, iná ló bí òfin yẹn. Èèyàn mẹ́sàn-án ló jó."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó di ọdún méjìlélógún."

Kò sọ ìyókù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú àwọn mẹ́sàn-án náà. Fúláwà ló ń dínkù, oníbúrẹ́dì rò pé wọ́n ń jí i, ló bá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Aago ọwọ́ ni wọ́n fi dá òkú rẹ̀ mọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Ilẹ̀kùn wọ iṣẹ́ yìí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa," alága wí. "Láti ìgbà náà ńkọ́? Ta ló kú?"

"Kò sí."

"Ẹ gbọ́ tẹnu wọn."

Ọ̀gá ṣí fáìlì kan. Ìwé tí Ìyá Ilẹ̀kùn ń kọ lópin ọdọọdún ló wà nínú rẹ̀. Àwọn wolé-wolé yòókù gbọ́n. Wọ́n máa ń fi àléébù díẹ̀ sílẹ̀ nínú tiwọn, nítorí ẹni tó bá kéde pé àrùn ti tán, oògùn ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Kò gbọ́. Lọ́dọọdún ló ń kọ ọ́ gàdàgbà, tó ń fa ìlà méjì sí i nídìí: *Kò sí ẹni tó kú. Kò sí ilẹ̀kùn kan tó ṣòro ṣí.*

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi, Mọ́mì. Ọwọ́ yín ló kọ ọ́."

"Ṣé torí pé ilẹ̀ ilé gbẹ la ó ṣe ká òrùlé?"

"Ìyá Ilẹ̀kùn ti di Ìyá Òrùlé," akọ̀wé wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ìyá Ilẹ̀kùn kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún.

"Ẹ wá òmíràn. Ẹ mú òfin tó fi wolé-wolé sí ilé búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé."

Ọ̀gá wo akọ̀wé.

"Ìyẹn ti lọ láti Ọjọ́bọ̀, Mọ́mì. A ò fẹ́ kó ìdààmú bá yín ni. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ tutù."

Àṣà ọ́fíìsì náà ni pé ẹni tó ń bójú tó òfin ló máa ń fa ìlà pa á, tó sì máa ń kọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá na bírò pupa sí i.

"Bí ẹ ò bá fà á, akọ̀wé á fà á. Orúkọ yín náà ló máa kọ síbẹ̀."

Ó gba bírò. Kò fa ìlà. Ní àlàfo tí wọ́n ń kọ ìdí sí, ó kọ orúkọ mẹ́sàn-án, lọ́kọ̀ọ̀kan, ti àbúrò rẹ̀ ló kẹ́yìn. Ọ̀gá kà á tán. Ó wo aago. Ó gba bírò padà, ó gbé rúlà sórí ìwé, ó sì fa ìlà kan láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, ó gba orí òfin àti orí àwọn orúkọ kọjá.

"Ọgọ́rùn-ún pé," ó wí.

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Alága náà pàtẹ́wọ́, ó sì bọ Ìyá Ilẹ̀kùn lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ máa yà sọ́dọ̀ wa o. Búrẹ́dì gbígbóná ò ní wọ́n yín."

Ìyá Ilẹ̀kùn mú báàgì rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ kan lára ògiri. Ó dúró kí ọkọ̀ méjì kọjá, ó sọdá títì, ó sì ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa.