Asín Tí Mo Fi Ṣe Àmì Ara Mi

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ní Ketu jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò ní fi "wọ́n" pè é níbí. Kò tọ́ sí i.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ata wá sí Mile 12 la máa ń ya àwòrán sí. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wa ò tíì ní nọ́ńbà tá a lè kọ sára mọ́tò, ẹranko la fi ń ṣe àmì. Oníkálukú á ya tiẹ̀ kékeré sí igun ìsàlẹ̀, ibẹ̀ làwọn awakọ̀ ti ń mọ ẹni tí wọ́n máa wá. Kìnnìún ni tọ̀gá mi. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, èmi ni mò ń ṣe gbogbo iṣẹ́, òun á kàn dìde lórí bẹ́ǹṣì, á ya kìnnìún ẹ̀ sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n mú ẹranko tèmi. Ó wo ẹnu mi tó ṣe ṣóńṣó.

"Àfi asín, eku tó ń rùn yẹn. Obìnrin wo ló ń ní àmì lára mọ́tò?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ó dáa, mo mú asín náà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ya kìnnìún tán tó padà sórí bẹ́ǹṣì, màá ya asín kékeré tó fi eyín di ìrù kìnnìún náà mú ṣinṣin. Kò rí i rí, torí kì í wo iṣẹ́ tí kì í ṣe òun ló ṣe é.

Àwọn awakọ̀ rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn wọlé bí ọ̀gá ṣe ń ya kìnnìún sí iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

"Ọ̀gá, ta ló ya asín ẹ̀yìn mọ́tò mi? Òun ni mo fẹ́ kó kun tuntun tí mo rà."

"Èmi ni," lọ̀gá wí, kò tiẹ̀ mọ asín tí wọ́n ń sọ.

"Ó dáa, ẹ yà á kí n rí i."

Ohun tó yà jọ ewúrẹ́ tó lóyún. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀, mo ya asín, eyín ẹ̀ pé.

"Aunty, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá," awakọ̀ náà wí.

Ọ̀gá rọra bẹ̀ mí létí pé kí n ṣáà jẹ́ kí kìnnìún òun wà lára iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yẹn, nítorí ojú ayé. Mo ti àkísà bọ kẹrosíìnì. Ọ̀dà kìnnìún náà ò tíì gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún níwájú ẹ̀, láti ìrù, díẹ̀díẹ̀. Kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo jẹ́ kó pẹ́.