Obìnrin Tí Mo Pè Wá Jẹun ní Erékùṣù

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá àlá ni. Ojú mi là kedere, oòrùn ọ̀sán ń mú, omi lásán ni mo sì mu. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó kọ́kọ́ lọ wo ìyá mi ní Jákàńdè, ní Ìsọlọ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò lè gbé nǹkan kan mì àfi ògì. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ti ilé mi ní Ire-Akari lọ fi ṣíbí fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ tára ẹ̀ yá díẹ̀, tó ní ẹja ń wu òun, ṣe ni mo bú sẹ́kún ayọ̀. Túndé, àbúrò mi, ní a ò ní jẹ ẹja yẹn nílé, òun mọ ibì kan tó dáa.

Ilé oúnjẹ àwọn olówó ni, nílùú kékeré kan lórí erékùṣù. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń ṣí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á palẹ̀ mọ́, wọ́n á lọ.

Àárín iyanrìn ni wọ́n to tábìlì sí, aṣọ funfun lórí gbogbo ẹ̀. Kí n má purọ́, mò ń ṣakọ. Mò ń yọ́ àwọn tó wà nítòsí wò bóyá wọ́n ń wò mí.

Wọ́n gbé ẹja dé, àwo kọ̀ọ̀kan fún àwa mẹ́ta. Ìyá mi bù ú sẹ́nu, ó dijú, ó ní ó dùn. Ó tún bù ú. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí tèmi.

Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin kan tó dúró tì wá. Àgbàlagbà ni, ìró ara ẹ̀ ti ṣá, etí ìró náà tutù, kò wọ bàtà. Àwo wa ló ń wò. Ó bí mi nínú. Mo ní alágbe wo ló tún fẹ́ ba ọjọ́ wa jẹ́ yìí?

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, wàá ní kó wá jẹun, òun náà á ní á gba ibi ire, á sì bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń jókòó. Mo pè é, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ ni mo fi ṣe, kí ojú lè tì í.

"Màmá, ẹ wá jẹun o."

Kò sọ pé á gba ibi ire. Ó rọra bi mí pé, "Nínú àwo ta ni?"

Ẹnu mi yìí, ẹnu tí kì í gbélé! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Èyí tó bá wù yín, mà."

Ó jókòó ti ìyá mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ ẹ̀ ń ti inú àwo ìyá mi lọ sẹ́nu ara ẹ̀, ẹja náà ò sì dín. Orí mi wú. Fóònù ni Túndé ń tẹ̀. Ìyá mi gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní òun ti yó.

Nígbà tí mo máa fi ṣẹ́jú, obìnrin náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá tó gbé oúnjẹ wá fún wa tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fẹnu yín pè é?" Ó ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í pe ara wọn sóúnjẹ, pé kálukú ń kọjú sí ògiri jẹ tiẹ̀ ni. Ó ní kí n má tíì lọ, kí n pè é padà, kí n ní tèmi ni kó máa jẹ. Ẹ̀rù bà mí, ìyẹn gan-an ló mú mi bínú. Mo bú bàbá yẹn níwájú gbogbo èèyàn, a sì wọkọ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé oúnjẹ síwájú ìyá mi, á ní òun ti yó. Dókítà ò rí nǹkan kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń gbọ́ ìró ẹni tó ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, àwo mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tó ò nawọ́ sí tìẹ?"

Mo padà lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó tábìlì lọ, kò sí bàbá yẹn, kò sẹ́nì kankan. Obìnrin náà nìkan ló jókòó sórí iyanrìn, ó ń wò mí, ó ń retí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo rántí àwọn ọmọ mi méjì, mo padà sínú ọkọ̀.

Ìyá mi ò bi mí níbi tí mo lọ. Ó kàn yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ jẹun níbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tẹ́nì kan bá dúró tì yín, ẹ pè é tọkàntọkàn sídìí àwo tiyín, tàbí kẹ́ ẹ panu mọ́. Ìyá mi ò tíì kú. Mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, mo ti po ògì sílẹ̀.