Ojú Ìwé Tí Mọ́mì Fi Ẹ̀bà Lẹ̀

Bí mo ṣe ṣí àpótí Mọ́mì lánàá ní Sùúrùlérè, òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ìwé ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ní kékeré wà lábẹ́ aṣọ, kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí a fi bò ó ṣì wà lára rẹ̀.

Ní kékeré yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti ọsibítù, mo bá Mọ́mì níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀bà lẹ ojú ìwé méjì tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà pọ̀.

"Tó o bá kà á fún ẹ̀gbọ́n ẹ débí," wọ́n ní, "sọ fún un pé ara ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú ìwé yẹn yá."

Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní, mo kà á títí dé ibi tí Mọ́mì lẹ̀ pọ̀. Orúnkún rẹ̀ wú, ó ń dán fún òrí.

"Ọmọ yẹn wá ńkọ́?" ó bi mí.

"Ara ẹ̀ yá. Ó padà sí sùkúù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. "O kàwé dáadáa."

A sin ín kí ọdún yẹn tó parí.

Ẹ̀bà náà ti gbẹ báyìí, ojú ìwé méjèèjì sì ṣí fúnra wọn. Ọmọ inú ìwé kú. Lábẹ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni mo ti rí ìlà pẹ́ńsùlù tínrín, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fà síbi tó bá kàwé dé.