Fèrèsé Ìyá Àgbà Nínú Ọgbà Ẹ̀fọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Igbó-Ọrà, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, bàbá mi ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó mu omi, ó sì kéde pé ilé wa ò ní pẹ́ di ilé onígíláàsì. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti rí i. Lúfà ni wọ́n ń pè é: gíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, tí èèyàn á fi irin kékeré kan ṣí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ ọ́n. Ẹ sì mọ̀ pé irin kékeré yẹn kì í pẹ́ há, tí èèyàn á máa fọwọ́ ṣí gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ayé.

Onípákó ni fèrèsé tó wà lára ilé nígbà náà. Igi àpá ni, ó wúwo, kò sì gbọ́ràn. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wọ́n, torí iṣẹ́ káfíńtà ló ṣe títí ó fi kú. Wọn ò tíì bí mi nígbà tó kú, ṣùgbọ́n ariwo tí fèrèsé rẹ̀ máa ń pa láàárọ̀ ló ń jí wa kí ládàánì tó pe ìrun.

Èmi ni Ìdòwú. Táyé àti Kẹ́hìndé ló ṣáájú mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìyá mi ní Ìyá Ìbejì. Ní Igbó-Ọrà, orúkọ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Tí o bá dúró ládùúgbò wa tí o ké pe Ìyá Ìbejì, àwọn tó máa dáhùn á kún ọkọ̀. Torí náà, Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni wọ́n ń pe tiwa, nítorí ọgbà tó dá sẹ́yìn ilé: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, amúnútutù. Omi ọgbà yẹn, àwa ọmọ la máa ń pọn ọ́n kí a tó lọ síléèwé. Ẹni tó bá da omi sí ìdí ẹ̀fọ́ kan jù, tó jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òmíràn, ìyà ń bẹ fún un.

Ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ wá yọ fèrèsé, Ìyá Àgbà ò sí nílé. Ó lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ayétẹ̀. Bàbá mi ti fọkàn sí i pé inú ìyá òun á dùn. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, ó dúró síwájú ilé, ó wo gíláàsì, ó wo òkìtì pákó tó wà nílẹ̀.

"Ta ló kú?" ló bi bàbá mi.

Bàbá mi ní kò sẹ́ni tó kú.

"Ọkọ mi ni. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín lẹ́ẹ̀kejì ni."

Kò wọlé. Ó ní kí wọ́n bá òun kó aṣọ òun jáde, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí abà, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní òun ò lè sùn nínú ilé tí gbogbo ayé á ti máa wo òun bí ẹja inú ìgò. Bàbá mi kó búrẹ́dì àti ṣúgà dání, ó lọ bẹ̀ ẹ́. Búrẹ́dì náà wọlé. Ẹ̀bẹ̀ náà ò wọlé.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe máa ń rí. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbà pé ìyàwó ló lé ìyá ọkọ lọ sí abà nítorí gíláàsì. Ìyá mi, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ lúfà títí tí wọ́n fi já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wá di ẹni tó ń ṣe fáàrí. Níbi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin ilé ń kí i ní ìdajì. Èmi fúnra mi bá a lọ́jọ́ kan nídìí ààrò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èéfín ni. A ò sì tíì dá iná.

Bàbá mi ní kí ó fi àwọn pákó náà dáná, kí ojú wa lè kúrò lára wọn. Ìyá mi wò ó títí.

"Igi tí bàbá ọkọ mi fọwọ́ kàn, kí n fi ro láfún? Kí Ìyá wá gbọ́ ọ ní abà?"

Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ro ọgbà tán, a ó máa gbọ́ kó, kó, kó lẹ́yìnkùlé. Àwa ọmọ là ń gbé igi. Ẹ̀gún igi wọ̀ mí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi ń fi abẹ́rẹ́ sí etí ìró rẹ̀ nígbà gbogbo. Fèrèsé tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, ó fi wọ́n ṣe ògiri ilé adìyẹ, kí atẹ́gùn lè máa wọlé kí ejò má lè wọlé. Ó tẹ́ òmíràn lé búlọ́ọ̀kù, ó ń sá ilá gígé àti ata lé e. Ó fi ọ̀kan dé kànga tòun ti àgbékọ́ tó fi ń ṣí, torí ewúrẹ́ ará ilé kejì ti já sínú kànga náà rí, omi yẹn ò sì ṣeé mu fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó gùn jù, ó gbé wọn dúró, ó fi orí wọn tira bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí, ó sì gbin amúnútutù sí ìdí wọn. Amúnútutù gùn wọ́n. Kí òjò tó dá, a ò rí igi mọ́, ewé nìkan là ń rí. Ọbẹ̀ amúnútutù tí a jẹ lọ́dún yẹn pọ̀ débi pé Táyé béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá fèrèsé ṣì kù tí wọn ò tíì yọ.

Ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà kan, Ìyá Káfáyà, yọjú sẹ́yìnkùlé wa lọ́jọ́ kan. Ó wo gbogbo ọgbà yíká. Ó kàn wá ọ̀kadà lọ sí abà.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà dé. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó, wọ́n ní ọkọ mi ń bá adìyẹ gbélé."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n mú yín débẹ̀."

Bàbá mi rántí pé òun ní iṣẹ́ lóko, ó sì lọ. Ìyá Àgbà dúró níwájú ilé adìyẹ, ó fi ìka tẹ ojú igi.

"Ìṣó yìí wọ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo kàn án."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀."

Ó dé ìdí kànga. "Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, fèrèsé ni yóò wá ṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ewúrẹ́ ò já sínú rẹ̀ mọ́."

"Hùn."

Nígbà tó dé ìdí amúnútutù, ó fi ọwọ́ wá igi náà láàárín ewé títí ó fi rí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà.

"Fèrèsé yàrá mi ńkọ́?"

Ìyá mi wọlé lọ, ó gbé e jáde. Àpò gaàrí ló fi wé e, ó sì fi okùn dì í.

"Mi ò lè fi tiyín ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ọkàn mi ò gbé e."

Ìyá Àgbà jókòó sórí odó tó wà ní dídojúdé. Ó tú okùn náà fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni pé fèrèsé ló ń bá sọ ọ́. Ó ní ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá Àgbà fẹ́, òun ló fẹ́ gbẹ̀yìn. Tí Bàbá Àgbà bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, kì í kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà wọlé. Á gba ẹ̀yìn ilé, á kan fèrèsé yìí, á na nǹkan sí òun: ẹran sísun, ẹ̀pà, àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gba iwájú wọlé, tí yóò sì kí gbogbo wọn dọ́gba dọ́gba.

"Àwọn orogún mi kú láìmọ̀ ọ́n," ló wí. "Wọ́n kàn ń ṣe kàyéfì pé mo ń sanra."

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè ibi tí ó fẹ́ kí wọ́n gbé fèrèsé náà sí. Ìyá Àgbà nawọ́ sí àárín ọgbà ẹ̀fọ́. "Kó kọjú sí ọ̀nà," ló ní. Ìyá mi ri òpó méjì mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kan fèrèsé náà mọ́ ọn. Ìyá Àgbà ò padà sí abà mọ́.

Báyìí ni fèrèsé kan ṣe dúró láàárín tẹ̀tẹ̀, kò ní ògiri lápá ọ̀tún, kò ní lápá òsì. Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á gbé àpótí rẹ̀ síbẹ̀, á ṣí i. Àwọn tó ń lọ sóko á dúró, wọ́n á gba ojú fèrèsé kí i, òun náà á sì gba ojú fèrèsé dá wọn lóhùn. Tó bá ti fèrèsé, kò sí nílé nìyẹn. A ń rí i kedere, ó ń gé ilá lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kí i. Kẹ́hìndé dán nǹkan wò lọ́jọ́ kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ yọjú sí i.

"Ta ló ń gba inú ògiri yọ sí mi?" ni Ìyá Àgbà wí.

"Ògiri wo, Ìyá?"

Ìbéèrè yẹn ló kó bá a. Ó kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ó kọjú sí ògiri náà títí oòrùn fi wọ̀.

Nírọ̀lẹ́, bí ìyá mi bá ti dín àkàrà tàbí tó sun àgbàdo, á wé ti Ìyá Àgbà sínú ewé. Kì í gbé e fún un tààrà. Á jáde sójú ọ̀nà, á yí po ọgbà, á wá kan fèrèsé. Ìyá Àgbà á ṣí i díẹ̀, á gbà á, á sì tì í padà kíá. Àwọn obìnrin ilé rí èyí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá mi ní odidi. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí mo fi wọ ilé ìwé gíga, tí Ìyá Àgbà sì kú lójú oorun, nínú yàrá onígíláàsì rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìwọ̀nyẹn mọ́. Èrúwà ni mò ń gbé báyìí, ibi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Bí wọ́n bá yọ fèrèsé ilé kan, ojú títì ni wọ́n ń gbé e jù sí, kódà bí kò bá ní àbùkù. Lọ́dún tó kọjá, Táyé kọ́ ilé tuntun fún ìyá wa. Fèrèsé tó ń fà lọ fà bọ̀ ló fi sí i, àwọn onígíláàsì dúdú tí ẹni tó wà nínú ń rí ìta, tí ẹni tó wà níta ò rí inú. Ó dára, ó lẹ́wà. Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi, mo bi í bí ilé náà ṣe rí. Ó ní òun ń rí gbogbo ẹni tó ń kọjá, òun sì ń kí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í dáhùn.

Ìta ni mo bá a nígbà náà, lórí àga rọ́bà, ó fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ fèrèsé tuntun náà, àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kí i. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Táyé. Kí n sọ fún un pé fèrèsé náà dára gan-an ni, ìdí rẹ̀ lòun máa ń jókòó sí.