Bàbá Tí Wọ́n Pè Wá Jẹ́rìí

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Akínbíyìí ti máa ń jí ọmọ rẹ̀, kì í sì í fi igi tàbí omi tútù jí i. Oríkì ni yóò kọ́kọ́ fi pè é, ìbéèrè ni yóò sì fi tẹ̀ lé e. "Àbẹ̀kẹ́, kí ni iṣẹ́ ọkàn nínú ara?" Bí Bọ́sẹ̀dé bá gbà á kí ó tó yán tán, bàbá rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kó lọ bọ́jú. Bí kò bá gbà á, ìdí ìwé ni àwọn méjèèjì yóò jókòó sí, ẹ̀kọ yóò sì máa tutù lórí tábìlì.

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Mile One, ní Diobu, ní Port Harcourt, lọ́dún 1969. Èbúté ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ka ẹrù tí wọ́n ń já nínú ọkọ̀ òkun. Sítáńdáàdì Síìsì ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n ó ti búra pé ọmọbìnrin òun yóò wọ yunifásítì, yóò sì di dókítà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìdí ọtí ni, kó lọ wo ilé rẹ̀. Pépà tí wọ́n fi ń di ẹrù wá láti òkè òkun, tí àwọn yòókù ń dà sómi, òun a ká a, a gbé e wálé, a gé e, a fi abẹ́rẹ́ rán an di ìwé. Inú rẹ̀ ló ń da ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ kọ sí. Ó tiẹ̀ mú ọ̀pọ̀lọ́ wálé lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí pákó tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé ẹ̀fọ́, òun àti ọmọ bá dojú abẹ kọ ọ́. Igbe tí Ibiere ké lọ́jọ́ náà, aládùúgbò sáré wọlé.

"Papa Bọ́sẹ̀! Pákó tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ yín! Frog! Wetin I do una?"

"Má bínú, ìyàwó mi. Ibi tí iṣẹ́ dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ẹ má ṣe pè é ní àṣejù. Ogun ti jẹ nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà. Nígbà tí wọ́n lé àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlà-oòrùn kúrò ní ìlú, Abẹ́òkúta ni Akínbíyìí kó ìyàwó àti ọmọ lọ, sílé ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà tí ìbọn fi ń dún ní Port Harcourt. Ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ gba ìlú, tí èbúté tún ń wá òṣìṣẹ́, ni wọ́n padà. Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ ni Bọ́sẹ̀dé wọlé sí. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní tíṣà sáyẹ́ǹsì, ìgò tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò sì ti fọ́ tán. Ìdánwò àṣejáde ń bọ̀, yunifásítì kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ogun jà nílùú rẹ̀.

Nítorí náà àwọn òbí sọ ara wọn di tíṣà. Akínbíyìí mú ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ara. Ibiere, tí kò kàwé púpọ̀, a gbé ẹja gbígbẹ lọ fún ẹni tó bá ní ìwé, a sì yá ìwé náà bọ̀. Gbọ́lágadé, ọ̀rẹ́ Akínbíyìí tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, a wá ní ọjọ́ Sátidé, a fi èédú ya àwòrán ayé sára ògiri. Aláṣọ ni Gbọ́lágadé. Ó ti ta aṣọ kiri àwọn ìlú etí omi tipẹ́, ó gbọ́ èdè Okrika bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Òun náà ni alárinà nígbà tí Akínbíyìí lọ tọrọ Ibiere lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Okrika. Àwọn méjèèjì kì í yé fi ọjọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Akínbíyìí gbé aṣọ àti ọtí kalẹ̀, àgbà ilé sì sọ̀rọ̀ títí tí ẹsẹ̀ fi kú mọ́ ọn nílẹ̀. Ó bi Gbọ́lágadé pé kí ni wọ́n ń sọ. Gbọ́lágadé ní, "Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní ká máa mú ìyàwó wa lọ." Akínbíyìí ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé etí ọkọ̀ ojú omi.

Ibiere ló gbé ìròyìn kan wálé lọ́jọ́ kan. Àwọn bọ̀rọ̀kìnní kan nílùú ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣa àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ tí orí wọ́n pé, kí wọ́n kó wọn sí ibi kan tó ní tíṣà gidi, kí wọ́n tọ́ wọn títí dé yunifásítì, kí wọ́n sì ràn wọ́n níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ni.

"Ọmọ ìbílẹ̀ kẹ̀?" ni Akínbíyìí wí. "Ìlú yìí ni a bí Bọ́sẹ̀dé sí. Ìwọ tó bí i ńkọ́?"

"My brother Solomon go handle am. Ẹ ṣáà jẹ́ kó kàwé."

Solomon ni olórí ilé àwọn Ibiere. Ọkàn Akínbíyìí balẹ̀. Ó rò pé nítorí ìyá ọmọ ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣàánú ọmọ, ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àna rere. Bàbá àti ọmọ wá di ìwé mú bí ẹni di okùn kànga. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé ti ibi ìdánwò tí ìgbìmọ̀ fi ṣa àwọn ọmọ dé, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ka gbogbo ìbéèrè fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sọ ohun tó kọ sí ìkọ̀ọ̀kan. Akínbíyìí ń fọwọ́ gbá itan rẹ̀. Inú rẹ̀ kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ogun ti dé.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pé Bọ́sẹ̀dé wà nínú àwọn tí wọ́n mú, kí àwọn òbí àti ará ilé bá ọmọ wá kí ìgbìmọ̀ lè rí wọn. Akínbíyìí gba àyè níbi iṣẹ́. Ó wọ ṣòkòtò tí Ibiere fi sítáàṣì lọ̀ tó fi le gan-an. Ibiere kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, Akínbíyìí sì rò pé ayọ̀ ló gbà á lẹ́nu. Gbọ́lágadé ló bá lẹ́nu géètì, òógùn bò ó.

"Ìwọ náà wá bá wa yọ̀?" ni Akínbíyìí bi í.

"Àwọn ará Okrika ló ní kí n wá. Ọ̀rẹ́ mi, ohunkóhun tí wọ́n bá bi ọ́ níbẹ̀, ọmọ ni kí o rò."

"Ta ni mo tún ń rò, bí kì í bá ṣe ọmọ?"

Gbọ̀ngàn náà kún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó ti àwọn èèyàn rẹ̀, alága sì ń pe orúkọ. Ó pe Boma, ọmọ ilé Solomon ti Okrika. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó tún un pè. Akínbíyìí wò yíká láti rí ọmọ tó ń jáfara náà, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ sétí Bọ́sẹ̀dé pé, "Ọmọ ta ni kò mọ orúkọ ara rẹ̀ yìí?"

Bọ́sẹ̀dé dìde dúró. "Present, sir."

Boma ni orúkọ tí ìyá Ibiere sọ ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Akínbíyìí ti gbọ́ ọ rí, ó ti fi ṣe ẹ̀rín rí. Ó rò pé ìyá àgbà ń ṣìkẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé orúkọ náà ní ilé tó ń gbé.

Alága wo Akínbíyìí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní òun rí ọkùnrin Yorùbá tó jókòó ti ọmọ yìí, bí ó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ ni, a jẹ́ pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, kí wọ́n gba àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Solomon dìde, ó tún filà rẹ̀ ṣe, ó sì là á yé wọn. Ó ní nílé àwọn, ìgbéyàwó méjì ló wà. Bí ọkùnrin bá ṣe èyí tó tóbi, ọmọ á tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣe kékeré, ìyàwó lè lọ bá a gbé, ó lè bímọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé bàbá obìnrin ló ni ọmọ.

"Kékeré ni ọkùnrin yìí ṣe," ni Solomon wí. "A sọ fún un lọ́jọ́ náà. A ní kó padà wá ṣe ńlá bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, kò padà wá. Ẹ bi ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Òun nìyí."

Akínbíyìí yíjú sí Gbọ́lágadé. Yorùbá ló fi bi í, kò sì pariwo. "Kí ni wọ́n sọ lọ́jọ́ náà?"

"Ohun tó sọ yẹn ni."

"Kí ni ìwọ sọ fún mi?"

"Mo ní wọ́n ti gbà." Gbọ́lágadé ń wo ilẹ̀. "Ọwọ́ rẹ ṣófo, o sì ti ń yọ̀ láti ilé. Bí mo bá sọ ọ́, ìwọ á kọ̀, ìyàwó á bọ́. Mo rò pé ẹnu lásán ni. Níbo ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Nínú gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ta ni yóò gbé ìyàwó tán tí yóò dúró béèrè pé ọmọ tó bá bí, ta ló ni ín? Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ohun tí Akínbíyìí kò béèrè nìyẹn, nítorí ó ti rán alárinà níṣẹ́, alárinà sì ni etí ọkọ ìyàwó. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ náà mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín."

"O sì dákẹ́."

Ibiere kò gbójú sílẹ̀. "Mo rò pé a kò ní nílò rẹ̀ láé. But Abẹ́òkúta! Wọ́n ní kí Bọ́sẹ̀ kúrò nídìí àwo, pé ọmọ Kòbókòbó kì í bá ọmọ ilé jẹun. Papa Bọ́sẹ̀, you dey there. Ojú yín ló ṣe. Ẹ dákẹ́. Na that day I talk say my pikin get im own house."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Akínbíyìí ju ti Gbọ́lágadé lọ, torí òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ti rò pé ọmọ rere kì í dá ìyá rẹ̀ lóhùn níwájú ìyàwó. Síbẹ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, bínú sí mi kí n mọ̀, kí n lè bẹ̀ ọ́. Kí wọ́n gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀, kí wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn, ìwà wo nìyẹn?

Ó wá wo ọmọ náà, tó ṣì dúró síbẹ̀, tí omijé ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè ìdánwò ló kà fún un. Orúkọ tó kọ sókè ìwé ìdánwò náà nìkan ni kò sọ.

"Oga," ni alága wí, "we still have many children. We have heard Solomon. You yourself, what are you to this girl?"

Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń bi í. Bí ó bá ní bàbá ni òun, ó ti gbẹ̀san lára gbogbo wọn, yóò sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, síbi tí kò sí tíṣà, tí kò sí ìgò, tí kò sí nǹkan kan àyàfi pépà tí wọ́n fi di ẹrù. Wọ́n mọ̀ pé kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí ọmọ náà gan-an ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́ kí wọ́n tó mú un wá. Ó dìde.

"I am her teacher, sir. I teach her at home."

Ojú alága tàn. Ó ní ọmọ náà ṣe dáadáa gan-an, ó ní kí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Solomon pa á, Gbọ́lágadé náà pa á. Akínbíyìí tẹríba fún wọn, ó sì jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣì jí ní àkókò tó máa ń jí. Ó ká ìwé pépà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó gbẹ́ pẹ́ńsù lẹ́nu. Bọ́sẹ̀dé ti jí kí ó tó dé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń dúró de oríkì rẹ̀. Ibiere wà ní ìdí ààrò, kò koná, ó ń tẹ́tí.

Akínbíyìí ṣí ojú ewé tuntun.

"Boma, kí ni iṣẹ́ ọkàn nínú ara?"

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ tí o dìde fún ni," ni Akínbíyìí wí, ó sì ti ìwé síwájú rẹ̀. "Jókòó, kí o kọ ọ́ sílẹ̀."