Ọjọ́ Tí Jíìpù Di Ilé Wa

Ọjọ́ Sátidé tí òjò dá wa dúró nílé wa ní Ajégúnlẹ̀ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Mo ti ra jíìpù tókúnbọ̀ kan ní Àpápá. Wẹ́dà kan ní ibùdókọ̀ Coconut bá mi jó káríà mọ́ òrùlé rẹ̀, ó sì jó àkàbà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo so àgọ́ tapólì mọ́ káríà náà, mo sì tẹ́ fóòmù sínú àgọ́, kí èmi àti màámi lè lọ sùn ní ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè. Màámi kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tàjù, ta ló ní ilé tó ń lọ sùn nínú igbó?"

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra ni òjò bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, omi gọ́tà ti wọ yàrá, fóòmù màámi sì ti ń léfòó. Orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n rìn dáadáa, mo bá gbé wọn pọ̀n, mo ń gun àkàbà jíìpù. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi rọ̀ mọ́ káríà, màámi ń ṣàdúà létí mi, kí n tó rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀.

Inú àgọ́ gbẹ. Ibẹ̀ la jẹun, ibẹ̀ la sùn títí omi fi fà.

A kò tíì dé Ìdànrè. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú báyìí, màámi kì í wojú ọ̀run mọ́. Wọ́n á ní, "Tàjù, níbo lo gbé jíìpù sí?"