Pupa Wo?

Ọ̀dà ni mò ń tà ní Alákijà. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó wọ yunifásítì. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ti sú òun lẹ́nu ẹni tí kò kà á níwèé. Ó rí mi wọlé, kò rí mi jáde. Nígbà tí mo gboyè àkọ́kọ́, mo tẹ̀ síwájú sí èkejì. Kọ̀ǹpútà mi wà lórí tábìlì oúnjẹ nínú ilé wa ní Festac, níwájú àga tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn kì í ti í ta sí i lójú.

Kúásà ni mò ń wá. Ihò dúdú ńlá kan ló máa ń wà láàárín ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀, tó ń fa nǹkan mì; ohun tó ń ṣubú sínú rẹ̀ a gbóná, a sì máa tàn ju gbogbo ìràwọ̀ tó yí i ká lọ. Àwọn tí mò ń wá jìnnà débi pé kí ayé yìí tó wà ni ìmọ́lẹ̀ wọn ti gbéra. Ìmọ́lẹ̀ tó bá rìn jìnnà báyẹn a máa pọ́n lójú ọ̀nà, bí èso. Àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn ti fi awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run yà ni mò ń yẹ̀ wò. Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń ya ojú ibì kan náà, láti orí àwọ̀ aró dé ibi tí pupa ti kọjá ohun tí ojú lè rí. Èyí tí mò ń wá kì í hàn nínú àwọn asẹ́ ìṣáájú. Inú ti ìkẹyìn ló ti máa ń yọjú, bíńtín. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ tútù kan wà nítòsí tó máa ń tan ni jẹ, torí àwọn náà pọ́n.

Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi kò ju àkọ́bí mi lọ. Festac ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. "Dókítà" ni mò ń pè é, mo sì ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ̀ mí títí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, bí màmá mi bá gbọ́, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́." Mo ní olùkọ́ ni olùkọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó wà ní ìrìn-àjò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti gbé àwòrán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílẹ̀ òkèèrè ní wákàtí kan tó ṣẹ́ kù lórí awò ńlá, ó sì fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ. Ohun kan ṣoṣo la lè fi wò. Bó bá jẹ́ kúásà, iṣẹ́ mi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí wákàtí mìíràn lọ́dún yẹn, mo sì ní láti wá iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Mo fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí Dókítà, tí mo kọ ní Yorùbá bí mo ṣe ń kọ ọ́ fún ara mi. Gbogbo nǹkan mọ́kànlélógójì tí mo ti yẹ̀ wò ló wà níbẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ó mú ìkẹsàn-án. Mo ti kọ síwájú rẹ̀ pé: pupa, ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ náà ní ọ̀sán Sátidé. N kò rántí èwo ni ìkẹsàn-án. Mo dúpẹ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní Sátidé náà, màmá àgbàlagbà kan wá láti ẹ́sítéètì Raji Rasaki. Wọ́n fẹ́ ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun géètì.

"Pupa ni kí o fún mi."

Mo ṣí agolo kan, mo fi igi rò ó, mo gbé igi náà sókè.

"Èyí tó dà bí ẹ̀jẹ̀ yìí? Ṣé wọ́n pa màlúù sẹ́nu ọ̀nà mi ni?"

"Màmá, pupa lẹ ní."

"Pupa náà ni mo ní! Pupa bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ìwọ tó ń ta ọ̀dà, o ò mọ̀ pé pupa ju ọ̀kan lọ?"

Mo mọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń bi oníbàárà pé "pupa wo?" kí n tó fọwọ́ kan agolo; n kò bi wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Igi ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo rántí ojú ìwé yẹn.

Mo ṣí i lórí fóònù. Níbi tí mo bá ti kọ pupa lásán, ti ìbẹ́pẹ ni mò ń wí: ó ti hàn nínú asẹ́ kẹta, ìràwọ̀ tòsí ni. Níbi tí mo bá ti kọ pupa fòò, òun ni ti ẹ̀jẹ̀, tó yọjú nínú asẹ́ ìkẹyìn nìkan. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo fọkàn tán nínú wọn ni ìkẹtàlélógún, tí mo kọ síwájú rẹ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Dókítà ti mú èyí tó mọ́lẹ̀.

Èmi kì í pe ènìyàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo máa ń fi ránṣẹ́, ìyẹn náà kì í gùn. Aago méjìlá ti lé. Mo pè é.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́."

"Dádì? Ṣé kò sí o? Ẹ ò pè mí rí."

"Ìkẹsàn-án kọ́. Pupa tí mo kọ yẹn, pupa ìbẹ́pẹ ni."

"Pupa kí ni?"

Mo ṣàlàyé. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó mi. Nígbà tí mo parí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Yẹ́lò! Yẹ́lò lẹ̀ ń pè ní pupa! Ọmọ Festac ti wọ gàù. Ọpẹ́ ni pé mi ò tíì fi ránṣẹ́. Èwo wá ni?"

"Ìkẹtàlélógún."

"Ìyẹn ò mọ́lẹ̀ o. Wákàtí kan lè má tó o. Ṣé ó dá yín lójú?"

Bóyá ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì.

"Ó dá mi lójú."

Màmá ti jókòó sórí agolo, wọ́n ń gbọ́. "Ṣé o máa wá fún mi ní ọ̀dà mi báyìí?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwòrán kan wọ fóònù mi lọ́sàn-án. Ìlà kan ṣoṣo ni, tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti aró dé pupa. Láti apá òsì, ó sùn sílẹ̀ gbalaja. Lójijì ó gòkè bí ògiri, ó ní ṣóńṣó lórí, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìràwọ̀ tòsí kì í ya irú ìlà bẹ́ẹ̀. Dókítà pè.

"Ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Dádì, ẹ tilẹ̀ pariwo díẹ̀!"

"Ṣé òun ni?"

"Òun ni. Òun kọ́ ló jìnnà jù o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i ṣáájú yín."

Ọkùnrin tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé?"

"Wọ́n ti rí i."

"Ta ló sọnù?"

"Kò sẹ́ni tó sọnù."

"Kí ni wọ́n wá rí?"

Mo fa àga mi jáde, mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.